Ogún Ọjọ́ Tó Kù fún Àlàkẹ́

Láti ìgbà ọmọge ni Àlàkẹ́ ti ń yan gàrí ní Ìlọrà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, odindi agbada gàrí kan jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo ara wọn. Ó bú agbada, ó bú igi ìdáná, ó fi igbá ìyangàrí sílẹ̀, ó gba ilé lọ.

Agbada kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni Ummu-Salamah, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Jámánì, pè é lórí fóònù, tí wọ́n ń rí ojú ara wọn. Ohun tí Àlàkẹ́ rí lójú ọmọ náà ni kò jẹ́ kó sùn. Imú ti fẹ̀, ọrùn ti ki, ẹnu ti wú. Ẹni tó ti bímọ márùn-ún ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo aboyún. Ummu ti sọ fún un pé ó di ìgbà ọyẹ́ kí òun tó bí. Òjò ṣì ń rọ̀ ní Ìlọrà, oyún yẹn ò sì ní dúró de ọyẹ́ kankan.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni pé Àlàkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé ni. Nígbà tó gbọ́ pé ó di ìgbà ọyẹ́, ó ní kí òun kọ́kọ́ lọ kí Uthman, àkọ́bí òun. Oṣù kan ló ní òun máa lò. Àwọn ọmọ Uthman rọ̀ mọ́ ọn láṣọ, ìyá àgbà jókòó, ó jẹ ayé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju oṣù méjì lọ.

Ọkọ rẹ̀, Yúnúsà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀ wo òǹtẹ̀.

"Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni físà yìí fún ọ láàárín oṣù mẹ́fà," ó ní. "Ọjọ́ tó o wọlé wà níbẹ̀, ọjọ́ tó o jáde wà níbẹ̀. O ti lo àádọ́rin. Ogún ló kù."

"Ítálì ni mo ti lò ó, Bàbá Uthman. N ò tíì fẹsẹ̀ tẹ Jámánì."

"Agboolé kan náà ni wọ́n. Ọjọ́ tó o bá lò lọ́dọ̀ ẹnì kan, gbogbo wọn ló ń kà á."

"Tí mo bá wá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?"

"Wọ́n lè má jẹ́ kó o wọbẹ̀ mọ́. Ọmọ náà á dàgbà, wàá máa wò ó nínú fóònù."

Ogún ọjọ́! Ní ìdílé tí wọ́n ti bí Àlàkẹ́, ogójì ọjọ́ ni ìyá fi ń wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀, tó ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ. Ìyá rẹ̀ ṣe é fún un. Ummu nìkan ló ní lóbìnrin, ó sì ti pinnu pé òun náà á ṣe é. Ó gbà kí ogójì di ogún. Ṣùgbọ́n tó bá lọ kí ọmọ tó dé, ó lè jókòó síbẹ̀ ná ọjọ́ náà tán. Tó bá sì pẹ́ jù nílé, àjòjì ni yóò kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà. Ọjọ́ ìbí gan-an ló nílò, Ummu kò sì sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Ó di báàgì, ó tú u, ó tún un dì. Ó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Fìdítì, ó sì dìde kí wọ́n tó gbé omi dé. Ó dúró létí títì, ó ń wo mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn á ya Jámánì. Yúnúsà ní, "Jókòó, Àlàkẹ́." Ó ní òun ti jókòó. Orí ìdúró ló wà tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó pe ọmọ náà.

"Ummu, ọjọ́ wo ni?"

"Ìgbà ọyẹ́ ni, Màmá."

"Ta lò ń tàn? Ṣé èmi ni n ò mọ imú aboyún?"

"Ẹ̀yin lẹ ní a kì í ka oṣù oyún sétí ayé."

"Ṣé èmi wá ni ayé?"

"Ẹ ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, Màmá. Ẹ ní ẹnu mi ló pa èyí àkọ́kọ́."

Àlàkẹ́ jókòó, ìjókòó tòótọ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ lára Ummu, lẹ́yìn tó ti sọ oṣù rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ló pa á ni Àlàkẹ́ fi kí i kú àdánù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, ó sì gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ojú ti Àlàkẹ́, àfi bíi pé ìhòòhò ló wà.

"Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi," ó ní. "Kì í ṣe ẹnu rẹ. Ikú ló bí mi nínú. N ò rí ikú bá jà, ìwọ ni mo rí. Dárí jì mí."

Ummu bú sẹ́kún. Ó sunkún pẹ́, Àlàkẹ́ ò sì ní kó má sun ún. Nígbà tó yá, ó rọra fọhùn.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

"Mo ń bọ̀."

Yúnúsà wọlé bá a níbi tó ti ń nu ojú. "Ṣé ó sọ ọjọ́ náà?"

"Ọlọ́run ló mọ ọjọ́, Bàbá Uthman. Ẹ sáà bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ajé."

Tíṣà àná wo ìyàwó rẹ̀, ó wo báàgì tó ti dì.

"Tí àwọn ará àdúgbò bá wá bi mí ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ó di ìgbà ọyẹ́."