Ìwọ̀ Alábẹ̀bẹ̀ Inú Ẹyẹ

"Wò ó dáadáa," ni Ardis wí, ó sì gbé ike kékeré kan sórí tábìlì ilé ìdáná níwájú ọkọ rẹ̀. "Ohun tí dókítà ẹranko yọ nínú iwe ẹyẹ tó kú létí adágún nìyẹn. Òjé ni. Òjé ló pa á."

Orlin wá gíláàsì ojú rẹ̀ títí ó fi rí i. Ìwọ̀ kan ló wà nínú ike náà, irú èyí tí wọ́n fi ń mú àwọn ẹja pẹlẹbẹ inú adágún, àwọn tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí gbogbo ará ìlú máa ń dín jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Inú ẹyẹ ti jẹ ọ̀dà àti irun ara rẹ̀ tán. Ó ku orí rẹ̀ roboto, àti abẹ̀bẹ̀ idẹ tíńtín tó máa ń yí bírí nínú omi láti fa ojú ẹja. Ihò abẹ̀bẹ̀ náà kò bọ́ sí àárín. Ó yẹ̀ sápá kan díẹ̀.

Orlin mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òun ló lu ihò náà. Ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí abẹ̀bẹ̀ lè máa gbọ̀n bó ti ń yí. Ardis kò mọ̀, nítorí abẹ́ ilé ni Orlin ti ń fi abẹ̀bẹ̀ sí i, nígbà tí Ardis bá ti jókòó sídìí tábìlì yìí, tó ti fi òwú pupa di irun ìrù àgbọ̀nrín mọ́ ọrùn ìwọ̀ tán.

"Mo dúpẹ́ pé ìwọ̀ tí àwa ń ṣe tà kì í ṣe òjé," ni Ardis wí. "Ǹ bá má lè sùn."

Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ rí òkú lúùnù, ẹyẹ omi olójú pupa yẹn, létí adágún ni Ardis ti búra pé òun kò ní í di irun mọ́ òjé mọ́ láyé òun. Orlin gbà. Ó ra tánganran, irin fúyẹ́ tí kì í pa ẹyẹ, ó sì ń yọ́ ọ ṣe orí ìwọ̀. Ṣùgbọ́n tánganran kì í tètè rì. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ẹja ti lọ sísàlẹ̀, ìwọ̀ ṣì ń fì lókè. Òjé àtijọ́ sì kún garawa ní abẹ́ ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni Orlin padà sídìí rẹ̀, ó ń fi ọ̀dà bò ó. Orí ìwọ̀ náà kéré débi pé ọwọ́ Ardis kò lè mọ̀ pé ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Duane ni," Ardis ní. "Ta ló tún ń yọ́ òjé ní gbangba ládùúgbò yìí? Dìde, jẹ́ ká lọ bá a."

"Jẹ́ n mu kọfí mi tán ná."

"Kọfí kẹ̀? Ẹyẹ yẹn fi ọmọ méjì sílẹ̀ lórí omi, o ń sọ̀rọ̀ kọfí!"

Wọ́n wọ inú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Orlin la ẹnu láti jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló pa á dé. Ojo ni, ó sì mọ̀ pé ojo ni òun.

Duane Pekkala, tó ni ṣọ́ọ̀bù ìdẹ, ń fi àwọ̀n kó ẹja wẹ́wẹ́ nínú táǹkì nígbà tí wọ́n wọlé. "Ẹ̀yin tọkọtaya! Orlin, kí ló ṣe ojú ẹ? Àbí Ardis ti ní kí o máa fọ abọ́ ni?"

Ardis kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ike náà síwájú rẹ̀. "Duane, ṣé o mọ èyí? Inú lúùnù adágún wa ni wọ́n ti yọ ọ́."

Duane gbé ike náà síhà fèrèsé. Orlin rí i bí ojú rẹ̀ ti dúró sára ihò abẹ̀bẹ̀ náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Duane ti ń bá Orlin ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí bí kò ṣe ní í mọ̀ ọ́n. Ó gbójú sókè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ike náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó lè jẹ́ tèmi," ó ní. "Má bínú, Ardis."

"Má bínú? Ìwọ tó ń sọ fún gbogbo wa pé òjé tìẹ kì í já sómi! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni màá sọ fún. Ká wá wo ẹni tó máa ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ."

Duane tẹ orí ba.

Bí Orlin bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe ìtánràn fún un. Ìtìjú sì mú un ju bí ì bá ṣe mú un lọ ká ní Duane nawọ́ sí i pé òun ni.

Orlin já ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀ tirẹ̀ tí Duane fi kọ́ sára ògiri fún títà. Ó fi ọ̀bẹ orí káńtà ha ọ̀dà rẹ̀, ó sì fi orí rẹ̀ fa ilà sára àpò bébà kan. Ilà náà hàn dúdú, bí ìgbà tí èèyàn fi pẹ́ńsùlù fà á. Ardis mọ̀ pé tánganran kì í fa irú ilà bẹ́ẹ̀.

"Tèmi ni, Ardis," ni Orlin wí. "Òjé ni gbogbo wọn. Ọjọ́ ti pẹ́. Duane kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ardis wo ilà náà. Ó wá wo òwú pupa tó wà lọ́rùn ìwọ̀ náà.

"Èmi ni mo di í," ó ní. "Orlin, ọwọ́ mi lo fi pa á."

Kò pariwo. Ó já gbogbo ìwọ̀ wọn lára ògiri, ó tọrọ sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Duane, ó sì jókòó sórí garawa kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òwú pupa náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó òwú àti irun sínú àpò ara rẹ̀. Orlin nawọ́ láti ràn án lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kan tèmi," Ardis ní. "Tìẹ ni kí o gbà."

Orlin tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ardis ń gbé àwọn orí òjé náà lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, láìwo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ṣùgbọ́n kò gbé e sílẹ̀.