Orúkọ Kan Péré láti Kèrè

Nicolas ni orúkọ mi, mọlémọlé ni mí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń mọ ilé lórí àwọn òkè Ìdáàṣà yìí. Láti Kèrè títí dé Kpingni, kò sí abúlé tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní rí ògiri tí mo fọwọ́ mi gbé dúró. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ forí sọ ọ̀kan nínú wọn kó wò ó. Ṣùgbọ́n lónìí, ilé àwọn ará Kèrè ni wọ́n ń tún ṣe, owó ìjọba ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe, èmi wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mò ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn. Wọ́n á kọjá, wọ́n á ní, "Papa, bonjour." Èmi náà á dá wọn lóhùn. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ǹ bá pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra, àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bá Josiane sọ̀rọ̀ lórí fóònù, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Josiane ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọkọ̀ ẹrù ló gbá ọkọ rẹ̀ pa lójú títì Parakou ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọ méjì ló sì fi sílẹ̀ fún un, èyí àbúrò ṣì wà lẹ́yìn nígbà náà. Ó wá bá mi níbi iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ máa pọnmi fún wa. Mo ní kó máa pọn ọ́n. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ gun àkàbà kí gbogbo Kèrè wá máa wòran ni? Kò bínú. Òun náà bá mi rẹ́rìn-ín, nígbà tó di ọjọ́ kejì, ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ ló wọ̀ wá síbi iṣẹ́.

Nílẹ̀ wa níbí, láyé àwọn bàbá wa, ọkùnrin ló ń mọ ògiri, obìnrin ló ń fọwọ́ rẹ́ ẹ. Ìyá Josiane rẹ́ ilé, ìyá ìyá rẹ̀ náà rẹ́ ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ẹrẹ̀ kí n tó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Á bu erùpẹ̀ díẹ̀, á fomi rin ín, á fún un nínú àtẹ́lẹwọ́, á ní, Ọ̀gá, èyí á sán o, ẹ jẹ́ ká fi yanrìn díẹ̀ sí i. Bí a bá ṣe é bó ṣe wí, ògiri náà ò ní sán láéláé. Bí a bá ṣe tèmi, nígbà mìíràn a máa sán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ ọ́ fún un rí. Wọ́n ní a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, abiyamọ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ṣé ọmọdé nìyẹn?

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó lè pe òun náà ní ọ̀gá. Ọdún mẹ́rin ló yẹ kí Josiane lò lọ́dọ̀ mi. Ó lo mẹ́jọ. Lọ́dọọdún ni mo máa ń sọ pé ó di ìgbà tí a bá kórè iṣu tán. A ó kórè iṣu tán, mo tún máa wá nǹkan mìíràn sọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí mo bá dá a sílẹ̀, mi ò mọ ẹni tí yóò máa bá mi rẹ́ ògiri. Àárín ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ti ń pè é pé kó máa bọ̀, pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Josiane ní òun ò fẹ́ fi àwọn ọmọ òun sílẹ̀. Ó ní bí òun bá ti rí iṣẹ́ gidi kan nílé, òun ò ní gba ibì kankan lọ.

Iṣẹ́ gidi náà dé. Méérì, olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa, kéde pé owó ìjọba ti jáde láti tún àwọn ilé tó ti gbó ṣe, pé ọgọ́ta ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe ní Kèrè, ògiri rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀, títí kan páànù orí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan láti Cotonou ló gba iṣẹ́ àgbàṣe náà, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà síṣẹ́. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n máa mú orúkọ kan péré láti Kèrè, wọ́n á rán ẹni náà lọ sí Bohicon fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́, wọ́n á sì fún un ní díplọ́mà. Bí ọgọ́ta ilé àkọ́kọ́ bá ti parí, ọgọ́fà tó kù á di ti ẹni yẹn àti àwọn ará Kèrè tó bá kó jọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn èèyàn wa ì bá fi máa jẹun nílé ara wọn.

Ẹnjiníà tí ilé-iṣẹ́ náà rán wá, Sùlè ni wọ́n ń pè é. Ọmọ oníṣòwò ni nínú ọjà Ìdáàṣà, ó gbọ́ èdè wa ju àwọn ọmọ mi lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dúró tì wá, tó ń wo bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọjá níwájú mi, ó lọ bi Josiane léèrè irú erùpẹ̀ tó pò. Níwájú mi! Èmi tí mo kọ́ ọ! Josiane ní kó wá bi mí, Sùlè ní rárá, ìwọ ni mò ń bi. Mo tutọ́ sílẹ̀, mo kọjá lọ mumi tí òùngbẹ ò gbẹ mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mọ àṣà wa, ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò lè mú ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kúrò láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i.

"Bàbá," ó ní, "orúkọ Josiane ni mo fẹ́ kọ. Ṣé ó tó iṣẹ́ náà í ṣe?"

"Kò tíì gbó," ni mo sọ. "Kò lè dá gbé igun ilé dúró."

Ẹ gbọ́ irọ́ o. Josiane yìí kan náà tó dá gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé olùkọ́ ìjọ dúró lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tí èmi ń sùn lábẹ́ ibòji. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́, kò sì gbọ̀n.

Sùlè wò mí. Ó bi mí pé ta ni kí òun wá kọ. Mo ní kó kọ orúkọ mi. Ó rọra sọ fún mi pé ìwé kíkà wà níbẹ̀, pé yíya àwòrán ilé wà níbẹ̀, pé Faransé ni wọ́n á máa sọ. Mo bi í pé ta ló mọ ilé tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kò bá mi jiyàn. Ó kọ orúkọ mi.

Mo dé ọ̀dọ̀ Josiane, mo ní wọ́n ní àwọn ò fẹ́ obìnrin, pé mo bá wọn jà títí ni. Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹ ṣé, Ọ̀gá. Ó sì padà sórí àkàbà.

Ohun tí ojú mi rí ní Bohicon, mi ò ní lè sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń kọ́ wa, àbíkẹ́yìn mi lè jù ú lọ. Wọ́n gbé ìwé fún mi, àwọn ìlà tó wà nínú rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ojú mi ò rí wọn. Wọ́n ní ká máa fi fóònù ya àwòrán iṣẹ́ ránṣẹ́, èmi tí ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ nọ́ńbà. Bí wọ́n bá pè mí kí n wá ka ìwọ̀n, mo máa ní orí ń fọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni orí ń fọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo di ẹrù mi, mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo wọkọ̀ padà sílé. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ lójú ọjà.

Mo lọ bá Sùlè, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi Josiane rọ́pò mi. Ó ní ìwé ti padé, orúkọ ti lọ sí Cotonou. Ó mi orí.

"Bàbá, ṣebí mo bi yín."

Òun nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló sọ, mo sì kọrí sílé.

Nígbà tí ọgọ́ta ilé parí, Josiane ní òun ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ó wá dágbére fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Gisèle, ìyàwó mi, gbé àga fún un. Ó jókòó, ó pẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa, kò dìde. Ó tún wá bi mí pé ṣé mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bá òun sọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo kọ́ òun níṣẹ́, pé mo dúró ti òun. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà. Ọwọ́ òpùrọ́ ni mo gbé lé e lórí.

Kèrè ò ní ẹni tó ní díplọ́mà, nítorí náà wọ́n gbé ọgọ́fà ilé tó kù fún àwọn àlejò. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń pọnmi fún wọn, àwọn obìnrin wa ń ta ìrẹsì fún wọn. Wọn ò mọ ilẹ̀ wa, ògiri tí wọ́n rẹ́ lóṣù méjì sẹ́yìn ti ń sán. Gisèle wo ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan, ó yíjú sí mi, ó ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìyàwó mi kì í pọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá sọ ọ́, ó tán. Àwọn ọmọ Josiane wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn. Èyí àbúrò máa ń yà kí mi tó bá ń ti ilé ìwé bọ̀, á ní, Bàbá, ṣé iṣẹ́ Abẹ́òkúta kì í tán ni? Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Bí ẹbọ náà bá wà ni, ǹ bá ti ta ilẹ̀ mi rú u.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí wọ́n bá mi pè é. A kí ara wa. Mo bi í nípa iṣẹ́. Ó ní wọn ò jẹ́ kí òun rẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, kọnkéré ni òun ń rù. Mo gbọ́ ìyẹn, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Josiane, kì í ṣe àwọn ló kọ̀ ọ́. Èmi ni. Èmi ni mo sọ pé o ò tíì gbó."

Mo ń gbọ́ ariwo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Sùlè ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà náà, kí ló dé tó fi kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá mi lẹ jẹ́," ó ní. "Mo jókòó pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ní bóyá ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, mi ò bá tí lọ. À bá jọ lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì méérì kí wọ́n gbà mí, kí ẹ dá mi sílẹ̀ lójú wọn."

Mo ní kó máa bọ̀, pé màá dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, níwájú gbogbo Kèrè. Mo ń sunkún, mi ò sì fi pamọ́. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ẹnì kan ń pè é níbi iṣẹ́, ó ní òun ń bọ̀, lẹ́yìn náà ló padà sórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹni tó bá tún wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ tètè dá a sílẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó pa fóònù. Kò sí ẹnì kankan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ́.