Obì Mẹ́wàá fún Ọ̀nà Kánò

Àwọn tó ń ròyìn ayé àtijọ́ lónìí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo wa la ń wọ bàlúù nígbà tí náírà ṣì lápá. Ẹ má dá wọn lóhùn. Nígbà ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì, tíṣà ni Dúrótìmí Fádáhùnsí ní Ìkẹ́nnẹ́, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, bí bàlúù bá sì kọjá lókè, a gbójú sókè wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ títí yóò fi wọnú àwọsánmà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù kiri.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyá náà, ó ń gbé ní Òfin, ní Ṣàgámù, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi owó obì kọ́. Bàbá Olóbì ni gbogbo ayé ń pe ọkọ náà. Obì gbàǹja ló ń rà jọ káàkiri Rẹ́mọ, tí yóò dì í sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé, tí yóò kó o lọ wọ rélùwéè ní Láfẹ́nwá, ó di Kánò. Títí di ìgbà tí mò ń wí yìí, bí òjò bá rọ̀, yàrá ẹ̀yìn ilé náà ṣì máa ń rùn bí ewé obì tútù, Ìyá a sì lọ jókòó síbẹ̀ láìwá nǹkan kan.

Kánò ni Bàbá Olóbì kú sí, nígbà tí Dúrótìmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, nítorí láyé ìgbà náà kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé òkú láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ìyá kò dé ibojì náà rí. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé ó di àmọ́dún. Ọmọ ń bẹ láti tọ́, lẹ́yìn ọmọ, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹ̀yìn ìyẹn ni ojú wá ń ṣú. Ọ̀tún ti lọ pátápátá, òsì náà sì ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, Ìyá dúró kí wọ́n délé, ó wá pe Dúrótìmí jókòó.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Ìyá wí. "Kí tèmi tó ṣú tán, mú mi lọ síbi tí bàbá rẹ sùn sí. Kí gbogbo yín bá mi lọ, kí àwọn ọmọ yín náà kúnlẹ̀ kí i."

Orúnkún Ìyá kò lè gba ìjókòó ọjọ́ méjì nínú mọ́tò tàbí rélùwéè. Bàlúù nìkan ló kù. Ni Dúrótìmí bá di èrò Èkó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ilé-iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ wọ̀, omidan tó wà níbẹ̀ dárúkọ iye kan, Dúrótìmí sì rò pé ti gbogbo ìdílé ni, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí omidan náà tó ṣàlàyé pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni, àlọ nìkan. Ní ibòmíràn, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn jókòó síbi ẹ̀rọ amúlétutù títí òógùn rẹ̀ fi gbẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò jẹ́ kí Ìyá mọ̀. Bó bá délé, a ní òun ṣì ń wá èyí tó dára.

Àlíyù ló wá gbà á sílẹ̀. Ọmọ Sábó Ṣàgámù ni Àlíyù, Yúnúsà tó bí i sì ni ọ̀rẹ́ Bàbá Olóbì tí wọ́n jọ ń kó obì lọ sókè Ọya. Àlíyù ń bá àwọn kan ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Èkó. Ó ní ilé-iṣẹ́ bàlúù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń wá oníbàárà lójú méjèèjì: bí ènìyàn mẹ́wàá láti inú ìdílé kan bá jọ ń lọ, ìdajì owó ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni o. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kálukú yóò san owó rẹ̀ pé.

Dúrótìmí fò padà sí Òfin, ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá pé mélòó ni gbogbo àwọn tó fẹ́ kó lọ, nítorí òun kò mọ èwo ni ẹ̀gbọ́n òun Fáyọ̀kẹ́ tó wà ní Ògìjó yóò mú wá nínú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó yẹ kí ó ti mọ̀. Ìyá wò ó bí ẹni pé ó bú òun. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí tíṣà wá jókòó máa na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka ewúrẹ́? Ìyá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó gbé àwo obì jáde, ó ń mú obì gbàǹja lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ẹní, ó sì ń pe orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ikùn ara rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kí Dúrótìmí ka obì, kó fi ọmọ sílẹ̀.

Obì jẹ́ mẹ́wàá géérégé. Dúrótìmí, tó jẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà, kò mọ ìgbà tí orin ìyìn bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò wádìí ọ̀rọ̀ wò mọ́. Ó kó àjọ tó dá, ó gbé e fún Àlíyù pé kó gba tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá.

Ìgbà tí Àlíyù ní kó mú orúkọ wá ni ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ìyá, òun fúnra rẹ̀, Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta, Fáyọ̀kẹ́ àti ọmọ tirẹ̀ méjì. Ó tún un kà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni mẹ́sàn-án. Ó ní ó ti tán, ojú Ìyá tí kò ríran dáadáa ló jẹ́ kó ṣi obì kan mú kún un.

Kó kúkú lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá, Olúkẹ́mi ló sọ fún pé àyè kan ṣẹ́ kù, Olúkẹ́mi náà sọ fún ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ gbọ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Onífọ́tò ìgbòrò ní òun yóò ya wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá mú òun dání. Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó ní òun ní àbúrò ní Kánò, òun sì gbà láti máa jẹ́ Fádáhùnsí títí bàlúù yóò fi balẹ̀. Dúrótìmí rántí ìgbéga tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní kò burú, sà. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, gbogbo ìdílé pé jọ sí Òfin. Dúrótìmí ṣàlàyé fún Ìyá, ó rọra sọ ọ́ kó má bàa dun ún, pé ojú ló tàn án, ṣùgbọ́n Olúwa ti yí i sí rere, ọ̀gá òun ni yóò jókòó sí àyè tó ṣẹ́ kù.

"Ojú mi kò tàn mí," ni Ìyá wí. "Ta ló sọ fún ọ pé àyè kan ṣẹ́ kù? Bàbá yín ló ni ín."

Dúrótìmí ti fẹ́ sọ pé òkú kì í wọ bàlúù, ṣùgbọ́n Fáyọ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìyá wá sọ ohun tí kò sọ fún wọn rí. Nígbà tí Bàbá Olóbì ń lọ sí Kánò kẹ́yìn, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló rà. Ó fẹ́ kí ìyàwó òun rí ibi tí òun ń ná ìdajì ayé òun sí. Ìyá ti di ẹrù, ó ti di irun Ṣùkú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni gìrì mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó máa lọ, obì yóò bàjẹ́ bó bá dúró, òun ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Yúnúsà tí wọ́n jọ wọkọ̀ ló padà wá sọ ìyókù. Èrò kún inú rélùwéè dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan wà lóòró, ṣùgbọ́n Bàbá Olóbì gbé fìlà rẹ̀ sórí àyè kejì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi dé Kánò. Ẹni tó bá béèrè, a ní ìyàwó òun ló ni ín, ó ń bọ̀. Oṣù náà kò parí tí ibà fi pa á.

"Òfìfo ni mo fi bá a rìn lọ," ni Ìyá wí. "Nígbà tí èmi náà wá ń lọ, ṣé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ni kí n jókòó sí?"

Ọmọ ọkùnrin kan ṣoṣo ni Ìyá bí, Dúrótìmí sì mọ ẹni tí gìrì mú. Ó dùn ún débi pé kò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n bù fún un, ó jáde lọ dúró sẹ́yìnkùlé. Kò dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ọmọdé kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń rò pé ọ̀lẹ ìrìn-àjò ni ìyá òun.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, ó tọrọ àforíjì. Ọ̀gá náà kò bá a sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi gba ìsinmi, ìgbéga sì ń ṣe tirẹ̀ níbi tó wà. Nígbà tó mú orúkọ dé ọ̀dọ̀ Àlíyù, tó sì dárúkọ bàbá rẹ̀ ṣe ìkẹwàá, ọkàn rẹ̀ ti ń wá àlàyé tí yóò ṣe. Àlíyù kò béèrè nǹkan kan. Ó kọ ọ́, ó ní bàbá òun ti sọ ọ̀rọ̀ àyè náà fún òun rí.

Nígbà náà, kò sí nọ́ńbà lórí ìjókòó bàlúù wọn, ẹni tó bá tètè dé ló ń mú ibi tó wù ú. Fáyọ̀kẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ ọlọ́jà la ọ̀nà fún Ìyá, ó sì mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú obì mẹ́wàá náà jáde nínú ewé, ó gbé e sórí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń jà sí fèrèsé. Bàlúù ti fẹ́ kún tán nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, agbádá rẹ̀ gba ọ̀nà, báàgì ńlá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí àyè náà, ó ní kí Màmá jọ̀wọ́ gbé obì wọn kí òun ráyè jókòó.

Ìyá gbójú sókè, kò rí ojú ọkùnrin náà dáadáa. Dúrótìmí, tó wà lẹ́yìn wọn, ló dìde.

"Ẹ má bínú, sà," ni Dúrótìmí wí. "Ènìyàn wà níbẹ̀. Bàbá mi ló ni ín."

Ọkùnrin náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó béèrè pé Bàbá ọ̀hún dà.

"Wọ́n ti ṣíwájú wa, sà."

Ọkùnrin náà wo obì, ó wo ìyá arúgbó náà, ó fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó sì wá ibòmíràn lọ. Dúrótìmí padà jókòó. Nígbà tí bàlúù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ilẹ̀, tí àwọn ọmọ ń kígbe, ó tẹ̀ síwájú láti wo Ìyá bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ìyá ti gbọ́wọ́ lé orí obì, ó kọjú sí àyè náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Mo ti ń bọ̀, Bàbá Olóbì," ni Ìyá ń wí. "Ṣé mo ní mò ń bọ̀."