Ẹkún tí Virgil Sun Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kámẹ́rà

Kò sí irú ikú tí Virgil Stroud kò tíì kú rí. Wọ́n ti yìnbọn fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí, wọ́n ti so ó rọ̀ sórí igi, ẹṣin ti tẹ̀ ẹ́ pa, ejò ti bù ú ṣán, ọkọ̀ ojú irin ti gbá a. Bó bá kú tán, á dìde, á gbọn eruku Agoura, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, kúrò lára ṣòkòtò, á sì lọ jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Láti ìgbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn ló ti ń ṣe é. Òun ni ọ̀gá ọlọ́pàá tó máa ń kú kí akọni tó dé. Òun ni dókítà tó máa ń jáde láti inú yàrá táá kàn mi orí. Òun ni adájọ́, òun ni ọlọ́tí, òun ni bàbá ìyàwó. Gbogbo Amẹ́ríkà ló mọ ojú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ajá wọn ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan nílé epo ní Burbank, ọkùnrin kan fò mọ́ ọn lápá.

"Bàbá, mo mọ̀ yín! Ẹ má sọ fún mi o, ẹ jẹ́ kí n rántí ẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀yin lẹ ń ta kápẹ́ẹ̀tì ní Glendale!"

"Èmi kọ́."

"Ẹ̀gbọ́n dókítà eyín mi ńkọ́?"

Noreen, ìyàwó Virgil, ti yọ orí jáde látinú ọkọ̀. "Òkú ni," ó ní. "Ibi yòówù kẹ́ ẹ ti rí i, òkú ló jẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kó wọlé ká máa lọ."

Virgil rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín òṣèré ni, ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀.

Iṣẹ́ fíìmù ní àṣà kan tí ẹni tó sanwó wọ sinimá kì í rí. Bí èèyàn méjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, kámẹ́rà á kọ́kọ́ sún mọ́ ojú ọ̀kan, ẹnìkejì á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, níbi tí àwòrán ò ti ní kàn án, á máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ẹni tí wọ́n ń yà lè rí ojú alààyè wò. Bí tọ̀hún bá parí, wọ́n á yí i padà. Dúró fún mi kí n dúró fún ọ. Ọmọlúàbí ni òfin yẹn, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó ń gbẹ́jọ́ rẹ̀, ìyẹn ni àwọn gbajúmọ̀ fi ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ọ̀hún ni Clay Bannerman. Àìmọye fíìmù ni Virgil ti kú lójú Clay. Nínú gbogbo wọn, bí wọ́n bá ti ya ojú Clay tán, Clay á gba inú ọkọ̀ ìsinmi rẹ̀ lọ, á nà gbalaja. Dottie, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé eré, ló máa ń ka ọ̀rọ̀ Clay fún Virgil, ní ohùn ẹni tó ń ka iye tí ọ̀dùnkún ń lọ lónìí. Ojú ẹ̀ ò sì kúrò nínú ìwé. Bí Virgil bá fẹ́ wo ojú ẹnìkan, á wo ègé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà. Bébà ló ti ń bẹ̀, bébà ló ti ń dárí jì, bébà ló ti ń kú fún.

Síbẹ̀, bó bá kan kí òun dúró fún Clay, gbogbo ara ló fi ń dúró. Ìgbéraga rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. "Òṣèré tó bá ń ṣahun torí pé kámẹ́rà ò wo òun," ó máa ń wí, "kì í ṣòṣèré. Olè ni." Bí abẹ́rẹ́ ló ṣe rí, tó ń ránṣọ fún gbogbo ayé, tí òun alára ń rìn ní ìhòhò.

Ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà tiwa lọ tẹ òṣùpá mọ́lẹ̀ ni ipa ńlá dé. Látọjọ́ tí Virgil ti ń ṣeré, ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n tíì fún un sọ ni "Ọ̀hún ni wọ́n gbà lọ!" Wàyí o, ojú ìwé méjì gbáko! Bàbá tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ ikú ni, tó ń bá ọmọ rẹ̀ tó kù sọ̀rọ̀ nípa èyí tógun pa: pé lálaalẹ́ lòun ṣì ń gbọ́ bàtà ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, pé òun ò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn rí. Clay ni ọmọ tó kù.

Virgil ka ìwé náà tán, ó gbé e fún Noreen. Noreen kà á, ó dìde, ó lọ fọ abọ́ tó mọ́.

Wọ́n bí Dwight, wọn ò bí òmíràn lé e. Ogun Korea ló pa á. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Virgil dúró gbagidi bí òpó iná, omi kan ò bọ́ lójú rẹ̀. Aládùúgbò kan tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹni tó mọ ikú kú tó yìí, kò mọ òkú sun. Noreen gbọ́ ọ. Kò gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ya ìran náà, Noreen din ẹyin, ó bu kọfí, kò jókòó.

"Clay ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà."

"Ó dájú."

"Má sun ún fún un, Virgil."

"Sun kí ni?"

"Má fọ̀rọ̀ mi ṣeré níhìn-ín, o ò sí lórí kámẹ́rà. O mọ ohun tí mò ń wí. Kànga yẹn ò jìn. Èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe mọ. Tọ́jú ẹ̀ de ara ẹ. Jẹ́ káyé rójú ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó o tó kú èyí tí wọn ò ní sọ pé dìde."

"Mi ò lè ṣahun, Noreen."

"Ṣahun! Ta ló ń ṣahun? Ọkùnrin yẹn dúró fún ẹ rí? Láti ìgbà tí irun ti wà lórí ẹ?"

Virgil mu kọfí rẹ̀ tán. Ó ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ nínú, kò kàn sọ ọ́ síta ni.

Olùdarí fíìmù náà ni Halloran, ọmọdékùnrin onírùngbọ̀n tó ń wọ sálúbàtà wá síbi iṣẹ́. Virgil lọ bá a. Ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀ ló ṣe.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ lè kọ́kọ́ ya èmi?"

Halloran wo aago. "Ọ̀gbẹ́ni Stroud, ẹ má bínú. Clay níbi tó ń lọ."

Clay ti gbọ́. Ó wá, ó gbá Virgil lẹ́yìn. "Virge, arúgbó mi! Gọ́ọ̀fù ni mò ń lọ gbá, ṣùgbọ́n wọ́n á dúró dè mí. Lónìí màá dúró fún ẹ. Mo fi ìyá mi búra."

"Ìyá ẹ ti kú, Clay."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í búra. Kò lè bínú."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dípò orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé Virgil ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tòun ti aṣọ àwọ̀sùn. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú Clay. Virgil bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ń ṣọ́ ọ sọ, ó ń fi ìka bù ú díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń pín ọbẹ̀ tí kò kárí. Ojú Clay ṣófo bí gáréèjì ẹni tí wọ́n gba mọ́tò rẹ̀.

Clay dá a dúró. "Virge. Kí ló dé? Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. O ò ṣe báyìí fún mi rí."

Halloran náà yọjú. "Ṣé kò rẹ̀ yín, bàbá? Ká wá ẹlòmíì tó máa kà á?"

Wọ́n ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún. Ká wá ẹlòmíì! Fún Virgil Stroud, tí kò jalè níbi iṣẹ́ rí! Ó ṣí ìdérí kànga. Kó tó dé ibi bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Dwight ti wọlé, bàtà ológun ń ró lórí pákó, àpò lẹ́yìn, ó ń bèèrè pé kí lẹ sè. Ohùn Virgil já, ó tún so, ó tún já. Omijé tó ti ń ṣọ́ ọ látọjọ́ ìsìnkú wá lójú ẹ̀ wìì. Àwọn tó ń tan iná gan-an ń nu imú. Clay, tí alùbọ́sà ò pa lójú rí, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.

"Ó ti wọnú kámẹ́rà!" Halloran pariwo. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Clay ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Clay dì mọ́ Virgil, ó fi omijé rin aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń yí iná padà láti ya ojú Virgil, ó sì ń pẹ́. Awakọ̀ Clay fun fèrè níta. Ó tún fun ún.

"Virge, ilẹ̀ ń ṣú lọ, o ò rí i bí? Dottie mọ̀ ọ́n kà jù mí lọ pàápàá. Ọlọ́run bù kún ẹ."

Ó ti lọ.

Wọ́n gbé Virgil sórí bẹ́ẹ̀dì. Dottie kà. Lọ́tẹ̀ yìí ó tiẹ̀ gbójú sókè, torí àánú rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kò sóhun tí àánú lè fà níbi tí omi ti tán. Virgil ń ju garawa sísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ọ tó ń dún lórí òkúta. Dwight kò wá. Wọ́n yà á, wọ́n tún un yà. Ohùn rẹ̀ wá dà bí ti ẹni tó ń ka ìkéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Halloran wí, ó ń wá sálúbàtà rẹ̀.

Nígbà tí fíìmù jáde, Noreen so ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fún un mọ́rùn, wọ́n lọ. Ìran ikú dé. Ojú Clay ló kún ara ògiri, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti Virgil, ọwọ́ kan lórí aṣọ ìbora, àti ohùn. Ohùn tòótọ́ ọ̀hún ni o, èyí tó sọ lórí àpótí. Gbogbo ilé sinimá ń sunkún, wọ́n sì ń wo Clay.

Noreen ò sunkún. Ó kàn fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ti ọkọ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ló tó sọ̀rọ̀. "O sun Dwight."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń dúró pé kó o sun ún. Mo ní bó bá di ọjọ́ kan, wàá wálé wá sun ún lọ́dọ̀ mi. O wá lọ sun ún fún Clay Bannerman." Ó yí gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀. "Wakọ̀."

Clay gba ẹ̀bùn òṣèré tó ta yọ jù lọ́dún náà. Ó gbé ère wúrà náà sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Halloran, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́run, lọ́wọ́ ẹṣin rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ẹṣin. Ó rántí pé ó ku ẹnìkan, ó la ẹnu, orin bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mort, ẹni tó ń bá Virgil wá iṣẹ́, pè é lórí fóònù.

"Virgil, jókòó kó o gbọ́! Clay ń bèèrè ẹ fún fíìmù tuntun. Ó ní ìwọ nìkan, kò fẹ́ ẹlòmíì."

Virgil jókòó. "Ipa wo ni?"

Mort húkọ́. "Kì í ṣe ipa, ká má purọ́. Ó ní ìran tó ti fẹ́ sunkún. Ó fẹ́ kó o wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, bó o ṣe máa ń ṣe. Wọn ò ní yà ẹ́."

Noreen rò pé ó máa la fóònù mọ́lẹ̀. Virgil ní òun á wá. Ó fá irùngbọ̀n, ó so táì.

"Táì?" Noreen ní. "Ẹni tí wọn ò ní yà?"

"Ìsìnkú ni mò ń lọ," Virgil dá a lóhùn.

Ó dúró lórí àpótí. Clay ṣẹ́jú sí i, ó ní, "Ó yá, Virge, pa mí lẹ́kún." Virgil gbójú sínú ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ní ohùn ẹni tó ń ka iye tí ọ̀dùnkún ń lọ lónìí. Kò gbójú sókè.

"Virge?"

Ó kà á lọ.

"Virge! Fún mi ní nǹkan! Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Virgil pa ìwé dé. "O ò ṣe nǹkan kan fún mi, Clay. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń kà á fún mi ni mo ṣe ń kà á fún ẹ."

Dottie fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Virgil dé fìlà, ó rìn kọjá lára iná àti okùn iná, ó jáde sínú oòrùn. Bí ọba ló ṣe wakọ̀ dé ilé. Noreen mú kó tún un sọ, kó sín ohùn Clay jẹ, kó tún sín in jẹ. Ó yan páì eléso ṣẹ́rì fún un lọ́jọ́ náà, ó sì fi orí lé e léjìká, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ọjọ́ sinimá.

Ká fi í síbẹ̀ ì bá dára. Ṣùgbọ́n fíìmù náà jáde, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbọ́ràn, wọ́n lọ wò ó.

Ìran ẹkún dé. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú Clay. Omijé wálẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ń dán gbinrin, òmíràn tẹ̀ lé e ní òsì. Noreen tẹ ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló sun fún un?"

Virgil wò ó dáadáa. Omijé èèyàn máa ń sáré, á dúró, á yà gba ibòmíì. Èyí ń rọra yọ́ sọ̀kalẹ̀ bí oyin, sísàn kan náà lápá méjèèjì. Ó mọ ohun tó jẹ́: omijé ayédèrú. Ó wà nínú àpótí gbogbo àwọn tó ń kun òṣèré lójú, ẹ̀kán kan lábẹ́ ìpéǹpéjú ti tó.

"Ìgò," ó ní.

Lẹ́yìn wọn, obìnrin kan ń sunkún kíkan, ó ń ṣe "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi," ó ń fọn imú. Gbogbo ìlà ìjókòó náà ń fọn imú. Ẹkún wọn kò fi nǹkan kan dín sí èyí tí wọ́n sun nígbà tí ohùn Virgil ń sun Dwight.

Wọ́n tan iná. Obìnrin náà ń nu ojú, ó rí Virgil, ó dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Mo mọ̀ yín níbì kan. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ta kápẹ́ẹ̀tì ní Glendale?"

Noreen ti la ẹnu láti dá a lóhùn. Virgil fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lápá.

"Èmi ni, ìyá," ó ní. "Ẹ yà sí wa bẹ́ ẹ bá ń kọjá."