Ìwé Ẹ̀rí Orí Pẹpẹ

Nígbà tí Barnabé gbọ́ ohùn Cyriaque lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Idigny, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni kí ó gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ kò bá ìjà wá. Ẹ̀rín ló ń rín bí ìṣe rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì tí ọta ìbọn ti bà jẹ́, ó ń yẹra fún àgbàdo tí Clémence, ìyàwó Barnabé, sá sójú àgbàlá. Aurore, ọmọ Cyriaque obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Kétu, tẹ̀ lé e, ó há fáìlì kan mọ́ abíyá.

"Bàbá Ìjọ, Ẹlẹ́sẹ̀-eré dé o," ni Cyriaque wí. "Ẹ tètè ti ilẹ̀kùn, kí n má baà tún sá lọ."

Aurore bẹ̀ ẹ́ kó má fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó dáhùn pé bí òun kò bá tètè fi ara òun ṣe é, àwọn ará Idigny yóò bá òun ṣe é dé ibojì.

Clémence gbé àga jáde, ó bu omi fún wọn. Ó ń kánjú díẹ̀, nítorí Reine, àkọ́bí òun àti Barnabé, ti wọ oṣù ìbímọ ní Adakplamè, ó sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ dúró tì í.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà ní Idigny, tàbí kí n ní gbogbo wọn rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kó àwọn sójà rẹ̀ lọ bá wọn pa iná ogun ní ilẹ̀ òkèèrè kan. Barnabé àti Cyriaque wà lára wọn, ọ̀rẹ́ tó ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ṣọ́ afárá kan, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì kọlu afárá náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àkọsílẹ̀ àwọn ológun ní Barnabé dúró ti ìbọn títí àwọn obìnrin àti ọmọdé abúlé fi rékọjá tán. Àkọsílẹ̀ kan náà ní Cyriaque fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sá. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ Barnabé láyà. Wọ́n lé Cyriaque kúrò nínú iṣẹ́ ogun. Nígbà tí wọ́n padà délé, ìjọ fi ọ̀kan jẹ Bàbá Ìjọ, àwọn ọmọdé sì sọ èkejì ní Ẹlẹ́sẹ̀-eré.

Aurore ṣí fáìlì náà. Ọdún méjì ló ti fi ń kọ̀wé kiri, kó tó rí ẹ̀dà ìwé ọsibítù tó tọ́jú bàbá rẹ̀ gbà. Ọta méjì ló bà á, ọ̀kan ní èjìká, ọ̀kan ní orúnkún, iwájú ni àwọn méjèèjì sì gbà wọlé.

"Bàbá, ẹni tó ń sá lọ, ẹ̀yìn ni ọta ti ń bá a," ni Aurore wí.

Ó ṣàlàyé pé àwọn ológun ti gbà láti tún àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò, láti pa ọ̀rọ̀ sísá rẹ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá àmì-ẹ̀yẹ kan wà tó yẹ kí bàbá òun gbà tí kò rí gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Yàtọ̀ sí bàbá òun, sójà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀rín Cyriaque ti tán. Ó ní ìbọn àkọ́kọ́ ni òun gbọ́, ohun tó tẹ̀ lé e ti pa rẹ́ lọ́kàn òun. Nígbà tí òun tún la ojú, orí bẹ́ẹ̀dì ni òun wà. "Ìwọ lo wà níbẹ̀, Barnabé. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ. Mi ò bi ọ́ rí."

Barnabé ní òun yóò kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó rí i pé omi inú ife tí òun dì mú ti dà sí òun lẹ́sẹ̀.

Ohun tí Barnabé rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò pọ̀, nítorí inú kòtò ló wà. Ìró ìbọn àkọ́kọ́ ló mú kó sá wọ inú rẹ̀. Ó dojú bo ẹrẹ̀ létí odò, ó di etí, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ìbọn ẹnìkejì rẹ̀ lókè tó ń dún, tó ń dún. Nígbà tí ilẹ̀ pa rọ́rọ́ ló tó gòkè. Ìbọn ṣì gbóná. Cyriaque kò sí níbẹ̀: ó ti ṣubú sódò, àwọn apẹja ni yóò wá gbé e jáde ní ọjọ́ kejì nísàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún. Barnabé fọwọ́ kan ìbọn náà, kò sì tíì mú ọwọ́ kúrò tí ọ̀gá wọn fi dé. Àwọn obìnrin abúlé ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ ọn. Wọn kò mọ ojú tó wà lábẹ́ àṣíborí kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ọ̀gá bi í pé ẹnìkejì rẹ̀ ńkọ́. Barnabé la ẹnu, ohùn kò jáde. Ọ̀gá mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti yé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Barnabé kò purọ́. Ó dákẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú láti ọdún mọ́kànlélógún, kò sì tíì tù ú lọ́jọ́ kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí Cyriaque wá, ó jókòó ti ìwé. Ọkàn ènìyàn a máa wá ibi tí yóò fara pamọ́ sí, àní níwájú Ẹlẹ́dàá pàápàá. Ó kọ ọ́ pé òun àti Cyriaque ni àwọn jọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, pé Cyriaque kò sá, pé ọta ló bà á tó fi ṣubú sódò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni irọ́. Ta ni yóò pa lára? Cyriaque yóò gba orúkọ rẹ̀ padà, òun náà yóò sì di tòun mú. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Aurore.

Ìbẹ̀rù kò bá ìwé náà lọ. Bí wọ́n bá pè é síwájú ìgbìmọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ní, ó ti ṣe jẹ́ tí ìwọ kò sọ èyí láti ọjọ́ yìí? Bí obìnrin kan láti abúlé yẹn bá ṣì wà láàyè ńkọ́? Bí alùpùpù bá ti dúró lójú ọ̀nà, àyà rẹ̀ a já. Clémence bi í bóyá ibà ni. Ó ní ibà ni.

Nínú ìjọ wọn, ìwé pàtàkì kì í lọ sí ọ́fíìsì kankan láìkọ́kọ́ dé orí pẹpẹ, ìbáà ṣe ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ìdánwò. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ààwẹ̀ òwúrọ̀, Pásítọ̀ Parfait gba fáìlì Cyriaque, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, ìwé ẹ̀rí Barnabé ló wà lókè. Wọ́n kọ orin. Pásítọ̀ ní kí Bàbá Ìjọ ṣíwájú àdúrà, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí. Barnabé gbàdúrà kúkúrú pé kí Ọlọ́run fi ojú rere fún àwọn tó jókòó nínú ìgbìmọ̀. Kò lè wo pẹpẹ náà.

Àṣé pẹpẹ gan-an kọ́ ni yóò dá a lẹ́jọ́. Clémence dìde. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé bí ìyá yìí bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, páànù ilé a gbọ́. Ó fẹ́ràn Cyriaque, inú sì ń bí i sí ẹni tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

"Olúwa, ọwọ́ tó ba orúkọ ọmọ rẹ yìí jẹ́, jẹ́ kó gbẹ."

"Àmín," ni ìjọ wí.

"Ẹni tó ń jẹ ògo rẹ̀, kí ilé rẹ̀ má rójú."

"Àmín."

Barnabé dìde. Ó di ìjókòó iwájú rẹ̀ mú.

"Àwọn ọmọ tó bí, Olúwa, kí wọ́n má fọwọ́ gbé ọmọ jó—"

"Ẹ má ṣe àmín," ni Barnabé wí.

Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu dúró. Clémence yíjú sí i, ó rò pé ibà náà ló gùn ún.

"Ìyá Reine, dákẹ́. Ọmọ tìrẹ lò ń ṣẹ́ èpè fún. Èmi ni."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti ìbọn àkọ́kọ́, ó sọ ti kòtò àti ẹrẹ̀, ó sọ ti ọ̀gá wọn àti ẹnu tí òun là tí ohùn kò jáde. Ó tọ́ka sí orí pẹpẹ, ó ní irọ́ wà nínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú Ọlọ́run náà. 

Cyriaque dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn. Barnabé di ojú. Ó rò pé yóò gbá òun létí, ó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Tún un sọ," ni Cyriaque wí.

"Èmi ni mo sá."

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ dúró."

"Mi ò sá?"

"O kò sá. O dúró títí gbogbo wọn fi kọjá."

Cyriaque jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ìgbà náà ló yé ìjọ pé ọkùnrin yìí kò mọ̀. Ó ń bá wọn fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín nítorí ó ń bẹ̀rù pé òótọ́ ni.

Clémence kò wo ọkọ rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Cyriaque, ó ní èyí tó ti ẹnu òun jáde, kó bá òun gbà á padà, nítorí Reine. Cyriaque nu ojú, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ," ni ó wí, àmín tí ìjọ ṣe sì le ju ti ìṣáájú lọ. Clémence dìde, ó jáde lọ, ó sì gba ọ̀nà Adakplamè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láìsọ ìgbà tí yóò padà.

Barnabé dọ̀bálẹ̀. Cyriaque ní kó dìde. "Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún ọ. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Kétu."

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn àti Aurore wà níwájú akọ̀wé kan ní Kétu, níbi tí wọ́n ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé ẹ̀rí. Barnabé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òmíràn, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi í bóyá ẹnì kan fi ipá mú un. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé wọ́n lè gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, pé wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Ó ní kó má kúrò ní Idigny títí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i.

Barnabé ní òun ti gbọ́. Kò sí ìròyìn láti Adakplamè láti ọjọ́ Ẹtì.  Ó gba bírò. Fáànù tó wà lókè ń fẹ́ ìwé náà, etí ìwé ń ká sókè, bí ó bá fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èyí tó fẹ́ fi kọ̀wé a gbọ̀n jù.

Cyriaque na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ fún un, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí Barnabé fi kọ orúkọ rẹ̀ tán.