Bọ́tìnì Tí A Kì í Tẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù fótò wa ní Jikpan ní Minna, kí kọ̀ǹpútà tó dé, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni kánsù ní. Bí ọ̀gá mi, Bàbá Adéagbo, bá fọ fíìmù tán tí wọ́n rí i pé oníbàárà dijú tàbí pé ó mi orí, wọ́n á mú abẹ́rẹ́, wọ́n á fi ha ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí ojú ẹni náà lórí fíìmù. Wọ́n á ní, "Mo ti kánsù ìyẹn." Fíìmù tí wọ́n bá ti kánsù kò wúlò mọ́. Àárín ojú gan-an ni abẹ́rẹ́ náà máa ń gbà kọjá.

Èmi náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ibòmíràn. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kàwé, ní àdúgbò Nassarawa, nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ kéékèèké ń lò lọ́sàn-án. Bẹ́ǹṣì wọn kúrú débi pé orúnkún wa máa ń kan tábìlì lábẹ́. Olúkúlùkù ló ń gbé àtùpà tirẹ̀ wá. Bí òjò bá rọ̀, àwa tó wà lápá fèrèsé á dìde, a ó gbé ìwé lé ara ògiri, a ó máa kọ ọ́ lórí ìdúró. Ní ọdún 1994 a ṣe ìdánwò àṣejáde. Nígbà tí èsì dé, bébà kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: wọ́n ti kánsù èsì gbogbo wa, nítorí pé àwọn kan ti rí ìbéèrè ṣáájú. Èmi kò rí ìbéèrè kankan ṣáájú. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì kúkúrú yẹn fún ọdún kan sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ọ̀rọ̀ náà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, màá yí ojú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2002, àwọn oníbàárà ti ń béèrè bóyá a lè yọ ènìyàn kan kúrò nínú fótò, tàbí kí a pààrọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá lọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù láti Kaduna, pẹ̀lú sikánà, ẹ̀rọ tí ń ka fótò wọ inú rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wá kọ́ wa bí a ṣe ń lo ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ó sì ti padà sí Kaduna kí a tó mọ ohun tó yẹ ká bi í.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni ìbéèrè. Kò sí ohun tí o fẹ́ kí ètò náà ṣe tí kò ní kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kékeré kan lé àwòrán lórí. O fẹ́ kí àwòrán tóbi, fèrèsé á ṣí, á bi ọ́ bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó. O fẹ́ kí ojú mọ́lẹ̀, òmíràn á ṣí. Títí o ó fi dáhùn, kò ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ilé rélùwéè ní Minna níbí ni wọ́n bí ọ̀gá sí, bí inú wọn bá sì ti ń dùn, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n sọ fèrèsé náà ní dansanda, nítorí pé bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ló ṣe ń dáni dúró. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Fọláwùnmí, dansanda tún ti dá wa dúró. Kí ló ní ká mú wá?"

Lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì máa ń wà. Ọ̀kan ni OK. Èkejì ni Cancel. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá kọ́kọ́ kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún kà á.

"Kánsù nìyí," ni wọ́n wí. "Èyí, má fọwọ́ kàn án láé."

Wọn kò ní láti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Báyìí ni a ṣe ń gba ohun gbogbo tí fèrèsé bá gbé wá. Bí mo bá ṣèèṣì ṣí èyí tí n kò fẹ́, màá tẹ OK, ohun náà á ṣẹlẹ̀, nígbà náà ni màá wá lo àṣẹ tí ń dá ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn padà. Ìyàwó tuntun kan wà tó jókòó lẹ́yìn mi, tó ń wo fótò ara rẹ̀ bí ojú rẹ̀ ṣe di àwọ̀ aró. Ó rọra bi mí bóyá àìsàn ni kọ̀ǹpútà rí lára òun. Mo dá a padà, ó sì fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà náà jìn, ṣùgbọ́n ó ń gbé wa délé.

Kàbírátù wá ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kan náà la jọ lọ, orí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó, wọ́n sì kánsù wa pọ̀. Ará Ìlọrin ni wọ́n, Dutsen Kura ni ilé wọn wà, bàbá rẹ̀, Àlùfáà Àbdùlsàlámì, ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò náà ní Kùránì. Ó gbé fótò kan wá nínú férémù, ó fi gèlè wé e. Ìyá rẹ̀ ni, tó kú nígbà tí Kàbírátù ṣì ń rákò. Kò sí fótò ìyá náà mìíràn, èyí tó wà náà kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Ó ṣàlàyé pé ojú bàbá òun ń ṣókùnkùn, pé dókítà kan ní Kano fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú náà á là lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ sí i, wọ́n fẹ́ rí ojú ìyàwó wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, fótò náà sì ti kéré jù fún wọn. Kàbírátù fẹ́ kí a sọ ọ́ di ńlá. Bí bàbá kò bá rí i, wọn kò ní lọ.

Fótò náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Mo kà á wọ kọ̀ǹpútà tòun ti gíláàsì rẹ̀. Ọ̀gá rò pé á mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá yọ ọ́, wọ́n fi omi rin ín bí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n rọra fà á. Bébà wá, ojú kò wá. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ sára gíláàsì. Nígbà tí Kàbírátù padà dé, ọ̀gá fúnra wọn ni wọ́n sọ fún un. Ó wo gíláàsì náà, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ti inú kọ̀ǹpútà ṣì wà. Mo ní ó wà.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ìyẹn ni ìyá mi báyìí."

Iṣẹ́ tó kù fún mi ni láti pa àwọn ìlà ibi tí bébà ti sán rẹ́. Wọ́n pọ̀ lójú rẹ̀ bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan wà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú dagun lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo bi Kàbírátù pé ṣé ìlà ni àbí ilà. Kò mọ̀, nítorí kò dá ojú ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó lọ bi bàbá rẹ̀, ó sì mú èsì padà wá: ilà ni, bààmú ni, n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìyókù ni kí n pa rẹ́.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò Kano, iná dúró láti òwúrọ̀. Mo ṣe iwájú orí, mo ṣe gèlè, mo ṣe abẹ́ ojú méjèèjì. Iná náà dúró débi pé mo gbàgbé pé ó lè lọ, n kò sì tọ́jú iṣẹ́ náà láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ tẹ kékeré kan jáde ká wo àwọ̀ rẹ̀, ká má bàa fi bébà ńlá ṣòfò. Mo ṣí fèrèsé ìwọ̀n, mo sọ àwòrán náà di kékeré, mo tẹ OK, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀gá gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà láti wò ó nínú oòrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí iná fi lọ.

Bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ó ti gbó, kì í ké pẹ́ kó tó kú. Ọ̀gá ní kí n tètè pa kọ̀ǹpútà náà kó má bàa bà jẹ́. Mo tẹ ibi tí a fi ń ti àwòrán. Dansanda dá mi dúró.

Ó bi mí bóyá kí òun tọ́jú àyípadà tí mo ṣe kí òun tó ti àwòrán náà. Bọ́tìnì mẹ́ta ló gbé wá: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àti kánsù.

Ọwọ́ mi ti wà lórí bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí mo rí ohun tó wà lẹ́yìn fèrèsé náà: ìyá Kàbírátù, kékeré bíi sítáǹpù. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kékeré yìí ni á rọ́pò ńlá, fótò gan-an sì ti fọ́ sára gíláàsì. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ, àwọn ìlà á padà sójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdájí ọ̀la ni mọ́tò Kano. Ọ̀nà tí a mọ̀, ká gbà á ká tó dá a padà, kò sí níbí. Àwòrán tí a bá ti tì kò ní ìgbésẹ̀ tí a lè dá padà.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní ká mú bẹ́ẹ̀ kọ́, pé iṣẹ́ ṣe é tún ṣe, ojú obìnrin náà kò ṣe é tún rí.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Kàbírátù wọlé, tó kí wa kú iṣẹ́ ní Hausa pé sannunku da aiki. Ọ̀gá ṣàlàyé fún un. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó sún ìrìnàjò náà síwájú díẹ̀.

"Bàbá, n kò lè ṣe é," ni ó wí. "Mo ti kánsù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí fótò yìí. Mọ́tò lọ, bàbá mi jókòó sórí ẹní wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Dókítà ní bí mo bá tún kánsù rẹ̀, òun á fi àyè wọn fún ẹlòmíràn."

Mo yíjú sí i. "Bàbá ò lọ síbì kankan?"

"Níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Ìrìnàjò ni mo kánsù, n kò kánsù bàbá."

Bátìrì ń ké. Mo tún wo fèrèsé náà. Kì í ṣe pé mo ní kó ṣe ìyá náà ní ohunkóhun. Títì ni mo ní kó ti í.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "bóyá títì yẹn ló máa kánsù. Bóyá kì í ṣe ìyá."

Wọ́n na ìka sí bọ́tìnì náà. "Fọláwùnmí, abẹ́rẹ́ nìyẹn o."

Kàbírátù kò mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ka ohun tó wà lára bọ́tìnì náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ rèé," ni ó wí. "Tẹ̀ ẹ́. Ó ti ṣe wá rí, a ò kú."

Ìyá rẹ̀ ni, òun ló ní àṣẹ. Mo tẹ̀ ẹ́.

Fèrèsé náà lọ. Àwòrán kò lọ. Ó jókòó síbẹ̀ ní kékeré bó ṣe wà. Mo dá ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn padà, ojú ìyá náà sì gbilẹ̀ kún gbogbo kọ̀ǹpútà, ó mọ́, kò ní ìlà kankan àfi bààmú rẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun. Ẹ̀rọ náà rọra ń gbé e wọlé, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí bátìrì dákẹ́ tí ojú kọ̀ǹpútà dúdú.

"Ó ti wọlé?" ni ọ̀gá bi mí.

"Ó ti wọlé, sà."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Kàbírátù lọ ra omi inú ọ̀rá wá fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a mu ún nínú ooru.

Iná padà kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí bébà ńlá náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, iwájú orí ṣáájú, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà imú, ọ̀gá gba àga lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣí fótò oníbàárà mìíràn. Wọ́n ní kó tóbi, fèrèsé ṣí, wọ́n tẹ kánsù. Wọ́n ní kó mọ́lẹ̀, fèrèsé ṣí, wọ́n tẹ kánsù. "Dansanda, sai an jima," ni wọ́n ń wí, bí ẹni ń dágbére fún aládùúgbò. Kàbírátù bi mí lẹ́tí bóyá nǹkan ń ṣe wọ́n. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba ohun tí wọn kò fẹ́.

Àṣàbà kan, bí wọ́n ti ń pe ọ̀kadà níbí, ló gbé èmi àti Kàbírátù lọ sí Dutsen Kura. Àwòrán wà láàárín wa nínú páálí, a sì ń bẹ ọlọ́kadà náà ní gbogbo ọ̀nà kó yé kó sínú kòtò. Àlùfáà wà lórí ẹní, wọ́n ti kírun tán, èèpo ẹ̀pà sì wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ọmọ wọn ti wí. Báàgì Kano wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò tíì kó aṣọ sí i.

Kàbírátù gbé àwòrán náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí á gbé fìtílà súnmọ́ àwọn, wọ́n tún ní kí á gbé e sẹ́yìn. Wọ́n mú àwòrán náà súnmọ́ ojú tí ó sàn díẹ̀, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún mú un súnmọ́. A kò lè mọ̀ bóyá wọ́n rí nǹkan. Lẹ́yìn náà ìka wọn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ó dagun lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ilà náà parí sí.

"Ó rò pé mo ti gbàgbé apá ibi tó wà," ni wọ́n wí. Ìyàwó wọn ni wọ́n ń wí.

Wọ́n gbà mí láyè láti jókòó, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n béèrè orúkọ mi lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè fi sádùúrà. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

"Kàbírátù, kó aṣọ mi sí báàgì. Kí o sì sọ fún onímọ́tò yẹn kó má pẹ́ o."