Ìpín Ìyáálé

"Ẹ gbé tèmi fún Àyọ̀kẹ́," ni Monínúọlá wí.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Olúfúnṣọ́, ọkùnrin tó máa ń pín ẹran nílé wọn l'Adó. Ewúrẹ́ tí àwọn àna fà wá ni wọ́n pa. Ó wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ìyàwó ilé sì jókòó yí i ká, bí wọ́n ṣe wọlé ọkọ ṣáájú ara wọn. Monínúọlá ni ìyáálé. Òun ló ti ń kọ́kọ́ nawọ́ láti ọdún mẹ́jọ. Àyọ̀kẹ́ ló tẹ̀ lé e.

"Ìyáálé, ṣé ẹ rò ó dáadáa?"

"Mo rò ó, ọkọ mi. Ṣebí ẹ mọ̀ pé n kì í jẹ ẹran mọ́. Ó ti sú mi láti máa gba ohun tí n kò ní jẹ."

Òótọ́ ni. Ní ọdún 1932, ọdún tí wọ́n fi páànù bo ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ibà gbé Sẹ̀gilọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, dé bèbè ikú. Monínúọlá kúnlẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ọmọ náà bá dìde, ẹran kò ní kan ẹnu òun mọ́ títí ayé. Ọmọ dìde. Láti ìgbà náà, ebòlò, ègúsí, ẹ̀wà, àti olú tí obìnrin Ìjan kan ń kó wá sí Ọjà Ọba, ló kù tó ń jẹ. Àwọn obìnrin ilé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́.

Àyọ̀kẹ́ na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ẹran.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ìyàwó kankan tó wá kúnlẹ̀ kí Monínúọlá. Ẹnu ọ̀nà Àyọ̀kẹ́ ni gbogbo wọn wà. Nígbà tó yá, Àyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ yọ, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Sẹ̀gi, o ò tíì gbá àgbàlá?"

Monínúọlá wò ó. Títí di àná, "Ìyáálé mi" ló ń pè é.

"Èmi ni kí n gbálẹ̀?"

"Ta ló fi iwájú sílẹ̀ fún mi? Mi ò jà ọ́ gbà. Ìṣojú gbogbo ilé lo gbé e fún mi. Ẹni tó gba ìpín ìyáálé ni ìyáálé."

Monínúọlá gba ọ̀dọ̀ Baba Bámgbóyè, baálé wọn, lọ.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni baba wí. "O rò pé ẹran lo fi sílẹ̀. Ipò ni. Àwọn ọdẹ ilé wa ń gbé ìgalà bọ̀. Jẹ ègé kan péré níṣojú wọn, ọ̀rọ̀ á tán."

"Ẹ̀jẹ́ mi ńkọ́, Baba?"

"Ìyẹn di ọwọ́ ìwọ àti Ọlọ́run rẹ."

Monínúọlá padà sídìí ààrò. Ó da ègúsí sínú epo, ó ju irú sí i. Bó ti ń ya olú wẹ́wẹ́ ló ń gbàdúrà: "Ìwọ tí o dá mi lóhùn nígbà tí oníṣègùn dákẹ́, bí mo bá jẹ ẹran yìí, ojú wo ni n ó fi máa wo ọmọ mi? Bí n kò bá jẹ ẹ́, kí ni n ó jẹ́ nínú ilé tí mo ti lo ogún ọdún?"

Ó gbé ọbẹ̀ náà kalẹ̀ pẹ̀lú iyán.

Sẹ̀gilọlá wọlé, ó ní ẹran lòun fẹ́ fi jẹyán. Monínúọlá ṣí ìkòkò kejì, èyí tí ẹran ọmọ náà máa ń wà, ó mú ègé kan fún un, bó ti máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró lórí ìkòkò. Ó wo àwọn ìka tí ọ̀rá ẹran wà lára wọn, ó wò wọ́n pẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ìgalà dé. Bí Olúfúnṣọ́ ti gé ìpín àkọ́kọ́, Àyọ̀kẹ́ nawọ́. Monínúọlá náà nawọ́.

"Ohun tí o kò ní jẹ," ni Àyọ̀kẹ́ wí, "kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹnu mi ni mo fún Ọlọ́run, Àyọ̀kẹ́. Ọwọ́ mi ṣì jẹ́ ti ilé yìí. Ìyáálé gbọ́dọ̀ gbà, kó sì gé fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe níjọ́sí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé."

Olúfúnṣọ́ wo Baba. Baba fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí Monínúọlá.

Ó gbà á, ó tọrọ ọ̀bẹ, ó gé ti Àyọ̀kẹ́ ṣáájú. Gbogbo wọn ń wo Àyọ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó dorí kodò.

"Ìyáálé mi, ẹ ṣeun."

Monínúọlá ti rò pé inú òun yóò dùn. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ tí Àyọ̀kẹ́ nà sí i. Ó gé ègé mìíràn kún un.

"Dìde, àbúrò mi," ó ní. "Eṣinṣin ń bà lé ẹran."